Àkànní, má tíì tọwọ́ bọ ìwé gbèsè mọ́tò yẹn

Àkànní, ọkọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Mo pè ọ́ títí lánàá, fóònù ń dún, o ò gbé e. Ẹnu ẹni tó ti Èkó dé ni mo ti gbọ́ pé o fẹ́ fi iṣẹ́ ọ́fíìsì sílẹ̀, pé o fẹ́ yáwó lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ra ọkọ̀ akẹ́rù, kí o máa ṣe logistics, iṣẹ́ ìkẹ́rù, tìrẹ. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé ẹnu àlejò ló yẹ kí n ti gbọ́ ọ?

Ilé wà dáadáa. Ìjì ṣí páànù ilé ìdáná, a ti kàn án padà. Àbúrò rẹ ti gba ìwé agùnbánirọ̀, Ẹnúgu ni wọ́n pín in sí. Màmá àgbà ń kí ọ.

Mi ò kórìíra mọ́tò. Tòmátì tí mọ́tò gbé wá ni mo tà tí ẹ fi kàwé. Gbèsè mọ́tò ni mo ń bẹ̀rù, Àkànní.

Ìwé tí o gbàgbé sílé nígbà Kérésì, mo kà á. Mo rí i níbẹ̀ pé ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ yín ní Amẹ́ríkà, Council of Logistics Management ni wọ́n ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, pé ní 2005 ni wọ́n di Council of Supply Chain Management Professionals. Wọ́n ní apá kan péré nínú supply chain ni logistics: kí a gbé ẹrù, kí a tọ́jú rẹ̀, kí a mọ ibi tó dé, kó dé lásìkò. Supply chain ló kó gbogbo wa pọ̀, láti orí àgbẹ̀ tó gbìn ín, dé orí alágbàtà, awakọ̀, èmi tí mò ń tà lọ́jà Bódìjà n'Ìbàdàn, títí dé ìyàwó ilé tó fẹ́ se ọbẹ̀, pẹ̀lú owó àti ọ̀rọ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín wa. Ohun tí ojú mi ń rí lọ́jà nìyẹn.

Ṣé o rántí 2016? Kòkòrò Tuta absoluta wọ oko tòmátì lókè Ọya, ìjọba Kàdúná kéde pàjáwìrì ní oṣù karùn-ún. Mọ́tò wà, awakọ̀ wà, tòmátì ni kò sí. Ẹni tó fi gbèsè ra ọkọ̀ ṣì ń san èlé. Ní 2021 ẹ̀wẹ̀, lẹ́yìn ìjà ọjà Ṣáṣá n'Ìbàdàn níbí, àwọn oníṣòwò òkè Ọya dá oúnjẹ dúró, wọ́n dá ọkọ̀ padà ní Jẹ́bà. Tòmátì pọ̀ lọ́hùn-ún bí ilẹ̀ bí ẹní, níbí ó gbówó lórí. Kí ni mọ́tò fẹ́ ṣe sí ìyẹn?

Wo ti apẹ̀rẹ̀. Láti Kánò dé ọ̀dọ̀ wa ju 800 kìlómítà lọ. Apẹ̀rẹ̀ lórí apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń tò ó. Kí a tó tú ìdè, omi tòmátì á ti máa kán lábẹ́ ọkọ̀, èyí tó wà nísàlẹ̀ á ti rún pátápátá. Awakọ̀ ò ṣẹ̀. Gbogbo wa mọ̀ pé kíréètì oníke dára jù ú lọ. Ta ni yóò rà á? Ta ni yóò sanwó kó o padà sí Kánò lófìfo? Apẹ̀rẹ̀ ni àgbẹ̀ fi ń díyelé, apẹ̀rẹ̀ ni èmi náà fi ń rà. Ọlọ́kọ̀ kan ò lè yí i padà, àfi tí ẹnì kan bá pe gbogbo wa jókòó. Iṣẹ́ ẹni yẹn ni wọ́n ń sanwó fún ọ lé lórí, òun lo fẹ́ fi sílẹ̀! Ṣé orí rẹ pé?

Má bínú, ọmọ mi. Ẹ̀rù ló ń bà mí.

O mọ̀ pé bàbá rẹ ra ọkọ̀ nígbà tí o kéré. Ohun tí o ò mọ̀ ni pé èmi ni mo tì í. Mo ń wo owó tí àwọn ọlọ́kọ̀ ń gbà lọ́wọ́ mi, mo ní kó máa wọ ilé wa. Mi ò bi í pé kí ni yóò máa gbé lọ sókè. Ó ń kó tòmátì bọ̀, ó ń lọ lófìfo, epo àlọ ń jẹ èrè àbọ̀. Ọjọ́ tí jíà kọṣẹ́, gbèsè ò kọṣẹ́. Ilẹ̀ Mọníyà tí mo ní ẹbí gbà lọ́wọ́ wa, irọ́ ni mo pa fún yín. Gbèsè mọ́tò ló gbé e lọ. Bàbá rẹ ò bú mi lẹ́ẹ̀kan títí tó fi lọ, ìyẹn ló tún ń dùn mí jù.

Tí ọkàn rẹ bá wà níbẹ̀, háyà ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ná. Wá ẹni tí yóò máa fún ọ ní ẹrù àlọ kí o tó wá ti àbọ̀. Wọ́n ń ra ike àti ọṣẹ láti Èkó lọ sókè. Mọ ohun tí wàá gbé ní oṣù tí oko bá kùnà. Ṣe é títí di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ká wo ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ.

Ìwé alájẹṣẹ́kù yẹn, má tọwọ́ bọ̀ ọ́ kí n tó rí i. Ya fọ́tò rẹ̀ sórí WhatsApp àbúrò rẹ kó tó lọ sí Ẹnúgu. Má wulẹ̀ fi owó oṣù yìí ránṣẹ́, mo ní díẹ̀ lọ́wọ́. Ṣé o ń jẹun dáadáa? Màá pè ọ́ lálẹ́ Sátidé, jọ̀ọ́, gbé e.

Màmá rẹ