Àbẹ̀kẹ́, gbé fóònù rẹ

Òṣogbo, ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè ọ́ lánàá, o ò gbé e. Ara mi le, orúnkún nìkan ló ṣì ń dùn mí. Ewúrẹ́ wa bí méjì, ọ̀kan kú. Àbúrò rẹ ní òun ti ríṣẹ́, mi ò tíì rí owó náà.

Àǹtí rẹ tó wà ní Ìbàdàn ló ní o ti fi fóònù sanwó aṣọ ẹbí ìgbéyàwó rẹ, pé àdìrẹ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́, láti Ṣáínà. Ṣé òótọ́ ni? Ẹnu rẹ ni mo fẹ́ fi gbọ́ ọ. Ọmọ ìlú aró, kó fi ayédèrú àdìrẹ lọ sílé ọkọ!

O rántí ìtàn tí bàbá àgbà máa ń sọ? Wọ́n gé igi, igi wó sódò, ohùn ké látinú omi pé, "Oṣó igbó, gbogbo ìkòkò aró mi lẹ ti fọ́ tán!" Ibẹ̀ ni wọ́n ní ìlú wa ti gborúkọ. Bí àǹtí rẹ ṣe ń sọ̀rọ̀, igi yẹn ni mò ń rí tó tún ń wó.

Mi ò bínú, ọkàn mi. Mo mọ̀ pé owó ìgbéyàwó kò kéré, mo sì mọ̀ pé Ìyá Aláró àdúgbò wa ò lè bá ẹ̀rọ du owó. Ìyẹ́ adìẹ ló fi ń kọ ẹ̀kọ sára aṣọ. Ẹ̀kọ á gbẹ, á ri aṣọ bọ aró, á yọ ọ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, á tún rì í, títí yóò fi dúdú dáadáa. Bí òjò bá rọ̀, iṣẹ́ dúró nìyẹn. Ìkòkò mẹ́ta ló ti dojú bolẹ̀ lẹ́yìnkùlé rẹ̀ báyìí. Mo kà wọ́n.

Owó ìdánwò WAEC rẹ, ta lo rò pé ó san án? Owó oṣù bàbá rẹ kò pé lọ́dún náà. Obìnrin yìí tú etí ìró rẹ̀, ó kà á sí mi lọ́wọ́, kò béèrè ọjọ́ tí n ó dá a padà. Bàbá rẹ ò mọ̀ dòní.

Nígbà tí ìyá mi kú, owó ti wà lọ́wọ́ mi. Mo gba Èkó lọ, mo ra àdìrẹ ẹlẹ́rọ fún aṣọ òkú, torí ó dínwó. Àbẹ̀kẹ́, Ìyá Aláró ra tirẹ̀. Ó sanwó, ó rán an, ó wọ̀ ọ́ wá, ọwọ́ rẹ̀ tí aró ti pa dúdú yọ létí apá bùbá náà. Ó jó, ó lẹ owó mọ́ mi níwájú orí. Mi ò lè wo ojú rẹ̀. Kò sọ nǹkan kan títí dòní. Ì bá bú mi, ì bá sàn.

Olórí kunkun ni ẹ́, èmi lo jọ. Bí wọn ò bá dá owó yẹn padà, kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ wọ èyí tó ń bọ̀. Ti ẹbí wa, ọ̀dọ̀ Ìyá Aláró ni. Bí o bá dé, má ná ọjà rẹ̀ títí èrè rẹ̀ á fi tán.

Mo ti kó owó àjọ mi fún un kó fi ra aṣọ funfun. Mo parọ́ pé ìwọ lo fi ránṣẹ́. Ó ti ń gbàdúrà fún ọ láti àárọ̀. Gbé fóònù rẹ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ