Ọ̀rọ̀ Olùṣọ́-Àgùntàn: Àwa Ń Sún Ni

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, a kú àfẹ́kù ara wa. Ẹ̀yin tí ẹ ń bèèrè pé níbo ni Pásítọ̀ wọlé sí ní ọjọ́ Ìsinmi méjì tó kọjá, ìlú mi ni mo lọ.

Púpọ̀ nínú yín mọ̀ pé ọmọ Ayétòrò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ ni mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ti sọ mí di ọmọ Adó, tí iyán sì ti lé púpurú kúrò lẹ́nu mi. Kò kúkú jìnnà síra: títí di ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá 1996 tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, inú Oǹdó kan náà ni gbogbo wa wà. Síbẹ̀, ọdún mọ́kànlá gbáko ni n kò fi débẹ̀. Owó ni mo máa ń fi ránṣẹ́. Ẹni tó bá ń fowó ránṣẹ́ á máa rò pé òun ń délé.

Bí a ti ń kọjá ní Ìkẹ́rẹ́, mo gbójú sókè wo òkè Olósùnta. Ibi tí àwọn baba ńlá wọn ti bá a náà ló wà. Ọmọ Èkìtì ò mọ oore tí òkè ń ṣe fún un. Bó lo ogún ọdún l'Ékòó, tó padà dé, òkè ṣì ń dúró dè é. Mo gba Àkúrẹ́, Oǹdó, Oré, Òkìtìpupa títí dé Igbókọ̀dá, mo sì wọ ọkọ̀ ojú omi.

Lọ́dọ̀ tiwa, òkun ni aládùúgbò. Àwọn apẹja tí wọ́n jọ ń sin Ọlọ́run ló tẹ Ayétòrò dó ní 1947. Wọ́n ṣe é bíi ti inú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 4, tí ẹnikẹ́ni kò pe ohun tó ní ní tirẹ̀ nìkan. Àpò kan náà ni gbogbo wọn ń ná. Wọ́n kan ọkọ̀, wọ́n hun aṣọ, nígbà tó sì di 1953, iná mànàmáná ti ń tàn níbẹ̀. Ìlú aláyọ̀ ni wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ wa ò ga, ẹrẹ̀ àti yanrìn ni. Ayé ń gbóná, òkun ń ga sí i, ìjì kan ṣoṣo sì tó láti gbé odidi àdúgbò lọ. Odi tí wọ́n láwọn máa mọ, etí la fi ń gbọ́ ọ.

Nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀, n kò mọ ọ̀nà ilé wa mọ́. Mo dárúkọ baba mi fún ọmọkùnrin kékeré kan, mo ní níbo nilé rẹ̀ wà. Ọmọ náà nàka sójú òkun. Ó ní, "Ibi tí wọ́n so ọkọ̀ yẹn mọ́."

Nígbà tí omi fà lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, mo ká ṣòkòtò, mo wọ́ omi lọ síbẹ̀. Ọ̀kan nínú òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ni. Ìṣó méjì tí baba mi máa ń fi àwọ̀n kọ́ ṣì wà lára rẹ̀, wọ́n ti dípẹtà. Ilé làbọ̀ sinmi oko, àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Orí omi ni mo dúró sí.

Àbúrò ìyá mi ni mo wọ̀ sí lọ́dọ̀. Ẹja ṣáwá ló ń yan. Èmi náà wá fi ẹnu pásítọ̀ sọ̀rọ̀: "Màmá, kí ló dé tí ẹ ò kó kúrò níbí?" Kò dá mi lóhùn. Ó ń yí ẹja náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó yí i dé ìdí ààrò. Ó ní, "Ọmọ mi, ìwọ lo kó lọ. Àwa ń sún ni. Ìgbà kẹta tí mo mọ ààrò yìí nìyí."

Ẹ ṣí Ẹ́sírà orí 3, ẹsẹ 12 àti 13. Wọ́n ń fi ìpìlẹ̀ tẹ́ńpìlì tuntun lélẹ̀, àwọn àgbà tó mọ ti àtijọ́ ń sunkún kíkan, àwọn yòókù ń hó fún ayọ̀, ẹnikẹ́ni ò sì lè fìyàtọ̀ sáàárín ariwo méjèèjì. Mo ti wàásù lórí ẹsẹ yìí rí nínú ìjọ yìí, mo sì pe àwọn àgbà náà ní aláìmoore. Mo gba ọ̀rọ̀ yẹn padà. Bíbélì ò bá wọn wí. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i, àwọn tó ń sunkún náà wà níbi iṣẹ́. Èmi ń sunkún ní Ayétòrò lálẹ́ ọjọ́ yẹn, omi ń lu abẹ́ pákó tí mo sùn lé, àwọn ọmọbìnrin sì ń kọ́ orin ìgbéyàwó nílé kejì. Ẹkún mi, ti ara mi ni mò ń sun. Ta ló bi mí?

Oṣù Kejìlá ń bọ̀. Àwọn ọmọ wa á ti Èkó àti òkè òkun dé, wọ́n á dúró lójú pópó, wọ́n á ní ìlú ti bàjẹ́. Ẹ má bá wọn jà. Ẹ fún wọn níyán jẹ ná, kí ẹ sì mú wọn lọ kí ẹni tí kò kúrò nílé.

Màmá di ẹja fún mi, agbọ̀n kan gbáko. Ó wà nílé ìjọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá akọrin. Ẹ̀yin ìyá ìjọ, ẹ tètè wá mú tiyín, nítorí ológbò ti mọ ibẹ̀.