Ẹ jẹ́ kí máàkì iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe tẹ̀lé ẹni tó ṣiṣẹ́

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè láti bá àwọn tó ń darí ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ní àwọn yunifásítì wa sọ̀rọ̀ lórí bí wọ́n ṣe ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní máàkì iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe. Ohun tó wọ́pọ̀ ni pé kí olùkọ́ pín wa sí ẹgbẹ́, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fi iṣẹ́ kan ṣoṣo ránṣẹ́, kí gbogbo orúkọ tó wà lójú ìwé àkọ́kọ́ sì gba iye máàkì kan náà. Èyí rẹ́ ẹni tó ṣiṣẹ́ jẹ, kò sì ṣe ẹni tí kò ṣe é lóore.

Mo wà lẹ́nu irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́. Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá dé, a ó ṣí ẹgbẹ́ WhatsApp, a ó kí ara wa, gbogbo ibẹ̀ á sì pa lọ́lọ́. Nígbà tó bá ku ọ̀la tí a ó fi ránṣẹ́, ẹni tí ọ̀rọ̀ máàkì ká lára jù á jókòó ti fóònù rẹ̀, á kọ gbogbo rẹ̀ tán, ìgbà náà ni àtẹ̀jíṣẹ́ á wá máa wọlé: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi orúkọ àti nọ́ńbà matric mi sí i.” Kì í ṣe pé ọ̀lẹ ni gbogbo wọn. Nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ wà nínú wọn, ẹni tí nẹ́tíwọ̀kì kì í dúró ládùúgbò rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹnikẹ́ni kò béèrè ohun tí oníkálukú ṣe, ẹni tó ní ìdí tó yè kooro àti ẹni tí kò ní di ọ̀kan náà. Àwọn baba wa tó ń ṣe àáró kò gbà bẹ́ẹ̀: ẹni tí wọ́n bá ro oko rẹ̀ lónìí mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ wà lóko ẹlòmíràn tó bá yá, gbogbo ẹgbẹ́ ló sì mọ ẹni tí kò wá.

Ohun èlò tí yóò tún un ṣe ti wà nílẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni Moodle, ètò kọ̀ǹpútà tí ilé ẹ̀kọ́ fi ń darí ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí Martin Dougiamas gbé jáde ní Ọsirélíà ní ọdún 2002. Apá kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Workshop, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń fi iṣẹ́ tirẹ̀ ránṣẹ́, tí yóò sì yẹ iṣẹ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wò gẹ́gẹ́ bí ìlànà tí olùkọ́ kọ sílẹ̀. Máàkì méjì ló máa gbà. Bí olùkọ́ kò bá yí i padà, 80 ni ti iṣẹ́, 20 ni ti àyẹ̀wò. Ẹni tó bá sì gbè sẹ́yìn ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí ìdájọ́ rẹ̀ jìnnà sí ti àwọn yòókù, máàkì àyẹ̀wò tirẹ̀ ló máa já wálẹ̀.

Níbi tí kò sí Moodle, Google Docs, níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti lè jọ kọ ìwé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ẹni tó kọ apá kọ̀ọ̀kan àti àsìkò tó kọ ọ́. Ìyẹn nìkan kò tó, nítorí ẹni tó ro ọ̀rọ̀ jinlẹ̀ lórí ìpè kí ẹlòmíràn tó tẹ̀ ẹ́ kò ní hàn níbẹ̀. Mo fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan tún kọ̀wé ṣókí sí olùkọ́ ní ìkọ̀kọ̀, lórí ohun tí òun ṣe àti ohun tí àwọn yòókù ṣe.

Èyí tó jẹ mí lógún jù ni irú iṣẹ́ tí wọ́n ń gbé fún wa. Iṣẹ́ tí ẹnì kan lè dá ṣe lóru kan kò yẹ ní iṣẹ́ ẹgbẹ́ rárá. Ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a wà. Ẹ lo ìyẹn. Bí ó bá jẹ́ lórí owó oúnjẹ, kí ẹni tó wà ní Ṣakí lọ béèrè iye tí wọ́n ń ta gàárì lọ́jà tirẹ̀, kí ti Ìkòròdú àti ti Òndó ṣe bẹ́ẹ̀, kí oníkálukú gba máàkì lórí ohun tó mú wá, kí wọ́n sì jọ gba ìyókù lórí àlàyé tí wọ́n fẹnu kò lé lórí. Ẹ fún wa ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ẹgbẹ́ má ju ẹni mẹ́rin lọ, kí ẹ sì fi kọ́ọ̀sì kan péré dán an wò ní sáà tó ń bọ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀nà jíjìn kan, Ìbàdàn.