Sí ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń lọ wo ahoro Éfésù

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọmọ Owé, Ìjùmú, Yàgbà, Bùnú, Gbẹ̀dẹ̀, Ìkìrí àti Ọ̀wọ́rọ̀, níbikíbi tí lẹ́tà yìí bá ti bá yín, mo kí yín. Okun o.

Ọmọ ọmọ mi kan tó ń kàwé ní Tọ́kì ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó fi fọ́tò mẹ́tàlélógún ránṣẹ́ sórí Wásáàpù ẹbí wa. Ó bá àwọn onírìn-àjò afẹ́ lọ wo ahoro Éfésù, wọ́n sì ti ibẹ̀ gbé e dé Kuşadası létí òkun, àárọ̀ lọ, ìrọ̀lẹ́ bọ̀. Nínú fọ́tò mẹ́tàlélógún yẹn, ojú tirẹ̀ wà nínú mọ́kànlélógún. Èyí tó na ìka méjì sókè wà níbẹ̀, èyí tó fẹ̀yìn ti òpó wà níbẹ̀, èyí tó gbé ológbò dání náà wà níbẹ̀. Inú gbogbo wa dùn. Mo wá bi í pé, "Ọmọ mi, ìlú tó tóbi tó báyìí, kí ló lé àwọn èèyàn ibẹ̀ kúrò?" Ó ní, "Bàbá àgbà, gáìdì kò sọ fún wa."

Mi ò bá a wí. Èmi náà ti lọ síbẹ̀ rí, díẹ̀ ló sì kù kí n bọ̀ láìmọ̀.

Ọdún tí ọmọ mi obìnrin parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Ìzmir ni mo lọ. Ó ní òun kò ní jẹ́ kí bàbá òun wá sí Tọ́kì kó má rí Éfésù tí ó fi ń yọ wá lẹ́nu nínú ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Ó sanwó fún wa lọ́dọ̀ àwọn kan tó ń fi bọ́ọ̀sì kó èèyàn. Afinimọ̀nà wa jẹ́ obìnrin kan tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dájú, kò sí òkúta tí a bi í nípa rẹ̀ tí kò lè dáhùn. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ kì í ṣe lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tó gba owó wa kò sọ fún wa pé a ó yà sí ìsọ̀ kápẹ́ẹ̀tì ká tó rí ahoro kankan.

Ẹ jẹ́ kí n ròyìn ìsọ̀ yẹn, torí ẹ ó dé irú rẹ̀. Wọ́n fi àga tìmùtìmù gbà wá, wọ́n gbé tíì tó ń rùn bí ápù wá nínú ife kékeré. Àwọn ọmọdébìnrin méjì jókòó ti òfì, wọ́n ń ta kókó òwú sílíìkì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìka wọn yára ju ojú lọ. Ọkùnrin tó ń tajà wá ń ju kápẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, èyí lórí ìyẹn, ó ń yí wọn po kí àwọ̀ wọn lè máa pa dà lójú wa. Ìyá tó bí mi lọ́mọ, ahunṣọ ni, lórí òfì tó dúró síbi ògiri nínú ọ̀ọ̀dẹ̀, irú èyí tí àwọn ìyá wa ní Bùnú fi ń hun aṣọ pupa tí wọ́n fi ń ṣe ìsìnkú àgbà. Àgbà tán lára mi, mo ṣí ẹnu sọ bẹ́ẹ̀ fún ọkùnrin náà. Ọ̀rọ̀ parí. Ó dì mọ́ mi bí ẹni tó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nígbà tí a ó fi jáde, wákàtí kan àtààbọ̀ ti lọ, mo sì ti ra kápẹ́ẹ̀tì kan tí mi ò ní ibi tí mo fẹ́ tẹ́ ẹ sí. Ó wà nílé mi ní Kàbbà di òní olónìí, ewúrẹ́ ti jẹ ìṣẹ́tí rẹ̀ lápá kan.

Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ bèèrè iye wákàtí tí ẹ ó lò láàárín òkúta, kí ẹ sì bèèrè iye ìsọ̀ tí ẹ ó yà sí. Ẹ bèèrè bóyá owó ìwọlé wà nínú owó tí ẹ san, àti owó àwọn ilé olówó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè, torí ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń gba tìyẹn. Ẹni tó fẹ́ gba owó yín, bó bá ń ṣe tìkọ̀ nígbà tó bá di ti ìsọ̀, ẹ wá ẹlòmíràn. Ẹnubodè òkè ni kí wọ́n ti mú yín wọlé, kí ẹ lè máa sọ̀ kalẹ̀. Orúnkún yóò dúpẹ́. Bàtà tó ń yọ̀ kò dára lórí òkúta mábù tí ẹsẹ̀ èèyàn ti dán láti ìgbà láéláé, bẹ́ẹ̀ ni igi tó lè ṣíji bo orí kò pọ̀ níbẹ̀. Ẹ gbé omi dání. Ó tán nípa ìyẹn.

Ẹ gba gáìdì o. Mo ti gbọ́ tí ẹ̀yin ọmọ ayé ìsinsìnyí ń sọ pé gbogbo rẹ̀ wà lórí fóònù. Ẹni tó bá dá lọ sáàárín ahoro láìsí ẹni tó máa sọ̀rọ̀, òkúta ni yóò rí. Ṣùgbọ́n bí gáìdì bá sọ ìtàn tó dùn jù, ẹ fi ọ̀wọ̀ bi í pé báwo ni wọ́n ṣe mọ̀. Wọ́n fi ihò ìyàgbẹ́ hàn wá, tí wọ́n tò sórí mábù bí àga ṣọ́ọ̀ṣì, láìsí ògiri láàárín ẹnì kan àti ẹnì kejì rẹ̀, omi sì ń ṣàn nísàlẹ̀ tó ń gbé e lọ. Ìyẹn, ojú lásán rí i. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ẹsẹ̀ kan tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta títì hàn wá, wọ́n ní ìpolówó ilé aṣẹ́wó ni. Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín. Èmi rò ó pé, ta ló sọ fún un? Ní ilé wa níbí, nígbà tí àwọn onímọ̀ gbẹ́lẹ̀ lábẹ́ àpáta Ìtaakpá ní Ìfẹ̀-Ìjùmú, irinṣẹ́ òkúta, àpáàdì àti eegun àgbọ̀n èèyàn ni wọ́n kọ́kọ́ kó jáde, kí wọ́n tó yanu sọ pé èèyàn ti ń gbé ibẹ̀ láti ohun tó lé ní 2,000 ọdún. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè eegun, kí ẹ tó gba ìtàn.

Ilé ìkàwé Celsus ni gbogbo yín ń ya fọ́tò níwájú rẹ̀. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ọmọ ló kọ́ ọ fún bàbá rẹ̀, Celsus, ní ọ̀rúndún kejì, abẹ́ rẹ̀ náà ni wọ́n sin bàbá sí. Ọ̀rọ̀ ká sin bàbá sínú ilé kò ṣàjèjì sí wa. Iwájú tí ẹ ń wò yẹn ti wó lulẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn onímọ̀ ará Austria ló ṣà á jọ ní ẹyọ ní ẹyọ, tí wọ́n sì gbé e nàró láàárín 1970 sí 1978. Ẹni tó kọ́lé kò ṣòro láti mọ̀, orúkọ rẹ̀ sábà máa ń wà lára ògiri. Ọjọ́ tí wọ́n kó ẹrù kúrò ni ẹnikẹ́ni kì í kọ sára ògiri. Òun ni mo ní kí ẹ máa bèèrè.

Létí òkun ni Éfésù wà nígbà tí Pọ́ọ̀lù débẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀ sí i, ojú ọ̀nà mábù tó gùn tó nǹkan bí 500 mítà ló sì ti èbúté wá sí ilé ìṣeré ńlá. Odò kan wà níbẹ̀ tí àwọn ará Tọ́kì ń pè ní Küçük Menderes. Odò náà ń wọ́ ẹrẹ̀ bọ̀ láti òkè, lọ́dọọdún. Wọ́n ń kó o, ó ń kó òmíràn dé. Àwọn aláṣẹ Róòmù dá sí i, olú-ọba Hadrian náà ṣiṣẹ́ lórí èbúté yẹn, odò kò gbọ́. Èbúté di ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ di àbàtà, àbàtà di ilé ẹ̀fọn, ẹ̀fọn sì bí ibà. Ogun jà á, ilẹ̀ mì tìtì níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan àti lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n tún un ṣe. Ẹrẹ̀ ni wọn kò rí ọgbọ́n dá sí. Lónìí, ẹni tó bá fẹ́ rí òkun láti ibẹ̀, yóò rin kìlómítà 5 ó kéré tán.

Àwọn tó kù kó lọ sórí òkè Ayasuluk lẹ́bàá ibẹ̀, níbi tí olú-ọba Justinian kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Jòhánù Mímọ́ sí ní ọ̀rúndún kẹfà. Wọ́n mọ odi yí òkè náà ká. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni ìlú Selçuk wà báyìí.

Nígbà tí gáìdì sọ pé wọ́n gun òkè, mo rántí bàbá bàbá mi. Ó máa ń na ọ̀pá sí orí àpáta kan lẹ́yìn oko wa pé, "Ibẹ̀ yẹn ni wọ́n bí bàbá mi sí." Mo ti gun ún ní kékeré. Ojú ọlọ tí àwọn ìyá ti ń lọ ọkà wà lára àpáta náà, ó jìn tó ọpọ́n, òjò ọjọ́ kejì ṣì wà nínú rẹ̀. Ogun Tápà ló lé wọn débẹ̀. Ní 1897, ọmọ ogun Royal Niger Company, ilé iṣẹ́ òwò àwọn òyìnbó, gba Kàbbà kọjá, wọ́n sì lọ ṣẹ́gun Bídà, olú ìlú Tápà. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn èèyàn wa tó wà lórí òkè bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àwọn òyìnbó sì tún ń tì wọ́n lẹ́yìn kí ó lè rọrùn láti gba owó orí. Àwa sọ̀ láti òkè, àwọn ará Éfésù gun òkè. (Ẹ má torí lẹ́tà mi gun òkè kankan níbí o. Ẹ mọ irú èèyàn tó wà nínú igbó wa báyìí. Òkè tí baba ńlá wa sá sí, òun la wá ń sá fún.)

Ilé ìṣeré ńlá yẹn ló dùn mí jù. Ó gba nǹkan bí 25,000 èèyàn. Ibẹ̀ ni Dèmétríù alágbẹ̀dẹ fàdákà àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti rú ìlú sókè, nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 19. Bíi wákàtí méjì ni wọ́n fi pariwo orúkọ òrìṣà wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì mọ ohun tí wọ́n torí rẹ̀ péjọ. Mo ti jókòó nínú irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ní Kàbbà. Ohun tó ń bí Dèmétríù nínú ni ọjà rẹ̀: ojúbọ fàdákà kéékèèké tí wọ́n ń rọ fún àwọn tó bá wá bọ Átẹ́mísì, òrìṣà náà. Mo gbé Bíbélì mi dání láti Kàbbà, mo fẹ́ jókòó sórí òkúta náà kí n ka orí yẹn láti òkè délẹ̀. Ẹsẹ 29 ni mo dé tí wọ́n pè wá sínú bọ́ọ̀sì. Wákàtí kan àtààbọ̀ mi ti wà lọ́wọ́ oníkápẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ Dèmétríù kò tíì parí ní Éfésù.

Wọ́n gbé wa dé Kuşadası lọ́sàn-án. Kò ju nǹkan bí kìlómítà 20 lọ. Kuş ni ẹyẹ lédè wọn, ada ni erékùṣù. Ilé odi àtijọ́ wà lórí erékùṣù kékeré náà, wọ́n sì la ọ̀nà lé orí omi dé ibẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi tó ga ju ilé alájà mẹ́wàá lọ gúnlẹ̀ sétí ìlú, àwọn èèyàn ń tú jáde nínú rẹ̀ bí èèrùn. Àwa tí a ń kí ara wa ní Okun láàárọ̀ lálẹ́, òkun olómi jìnnà sí wa. Omi tó tóbi jù tí mo mọ̀ ni ibi tí Ọya ti pàdé Bẹ́nuwé ní Lókójá. Mo ká ṣòkòtò mi sókè, mo wọ inú òkun náà dé kókósẹ̀, mo ti ìka bọ̀ ọ́, mo fi sẹ́nu. Ọmọ mi ń rẹ́rìn-ín. Iyọ̀ náà pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ.

Ibi tí mo dúró sí yẹn ni mo ti bi gáìdì ní ìbéèrè mi, pé kí ló lé àwọn ará Éfésù kúrò. Ó ní nígbà tí èbúté Éfésù kú, ibí ni òwò kó wá, pé orúkọ tí àwọn oníṣòwò ará Ítálì sọ ọ́ nígbà náà ni Scala Nova, èbúté tuntun. Wọ́n ti tà á fún wa bí ohun méjì, ahoro láàárọ̀, etí òkun lọ́sàn-án. Ìtàn kan ṣoṣo ni. Ká ní mo ti bèèrè láàárọ̀, ojú mìíràn ni ǹ bá fi wo òkúta wọ̀nyẹn.

Ìwọ ọmọ tó ni fọ́tò, o mọ ara rẹ. Ìrìn kékeré ni láti Selçuk, bá mi padà lọ. Gun àtẹ̀gùn ilé ìṣeré yẹn dé òkè pátápátá, jókòó, ka orí 19 tán, lẹ́yìn náà kí o wo ojú ọ̀nà mábù yẹn lọ títí dé ibi tó dáwọ́ dúró, níbi tí ọkọ̀ ti ń gúnlẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bọ́ọ̀sì kò jẹ́ kí n wò ó tó. Fọ́tò kan ṣoṣo ni mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ, kí ojú rẹ má sì sí nínú rẹ̀.

Èmi ni bàbá yín, ní Kàbbà.