Lẹ́tà ẹ̀sùn: páìpù 20mm tẹ́ ẹ so mọ́ kọ̀mpúrẹ́sọ̀ mi

Ẹ̀yin ọ̀gá mi ní kọ́ńpìnnì, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni ìyá tó ra kọ̀mpúrẹ́sọ̀ 7.5HP, ẹ̀rọ tó ń ki afẹ́fẹ́ sínú táǹkì, lọ́wọ́ yín, èyí tó ní táǹkì 300 lítà, tẹ́ ẹ wá fa páìpù ẹ̀ fún mi ní wọ́kíṣọ́ọ̀bù mi lọ́nà Gbọ̀ngán níbí ní Òṣogbo. Mo ti pè yín pè yín, ẹni tó bá gbé fóònù á ní kí n dúró díẹ̀, orin á máa kọ, káàdì mi á tán. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́ sílẹ̀, kẹ́nì kankan má tún sọ pé òun ò gbọ́.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ èyí tó dáa. Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ yẹn fúnra ẹ̀ ò ní wàhálà, ó ń kún lásìkò, ariwo ẹ̀ ò sì pọ̀ jù. Páìpù ni mo torí ẹ̀ ń bá yín jà.

Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ wà lẹ́yìnkùlé, ibi táwọn ọmọ ti ń fín ọ̀dà sí mọ́tò wà níwájú lápá títì, páìpù tẹ́ ẹ fà láàárín méjèèjì jẹ́ mítà 36, elbow 11, ìyẹn ibi tí páìpù ti ń ṣẹ́ kọ́nà, ló wà lára ẹ̀, èmi fúnra mi ni mo kà á. Láàárọ̀ tí iṣẹ́ ò tíì bẹ̀rẹ̀, géèjì ara táǹkì tó ń fi pressure hàn, ìyẹn agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń tì, á wà lórí 120 psi (psi ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n), èyí tó wà níwájú náà á wà lórí 120. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kí ọmọ tó ń fín ọ̀dà ṣáà ti tẹ gọ́ọ̀nù ẹ̀, kí ọmọ tó wà nídìí táyà náà gbé impact, irinṣẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń yí, láti tú nọ́ọ̀tì, géèjì iwájú á bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ̀, 100, 90, ó dé 75, bẹ́ẹ̀ ti ẹ̀yìnkùlé ò tíì kúrò lórí 115! 90 psi ni impact yẹn fẹ́ kó tó lè ṣiṣẹ́ ẹ̀ bó ṣe yẹ. Tí ò bá ti rí i, á máa gbọ̀n kẹkẹkẹ bí ẹni tí ibà ń ṣe, nọ́ọ̀tì ò ní mira, ọmọ á jù ú sílẹ̀ á lọ mú spánà, á wá gùn ún lẹ́sẹ̀ méjèèjì. Èmi tí mo ń ra díísù sínú jẹnẹrétọ̀ kí afẹ́fẹ́ lè tú nọ́ọ̀tì, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tú u.

Ẹ rán tẹkiníṣíàn kan wá lóòótọ́, ọmọ jẹ́jẹ́ ni, mi ò ní bú u. Aago kan ọ̀sán ló dé, àwọn ọmọ ti lọ jẹun, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó wo géèjì ẹ̀yìn, ó wo ti iwájú, ó ní "Mummy, ẹ má worí, pressure pé." Mo ní kó jọ̀ọ́ kó dúró kí wọ́n jẹun tán kó lè rí i fúnra ẹ̀, ó ní wọ́n ń retí òun ní Iléṣà. Ẹ̀yin ọ̀gá mi, afẹ́fẹ́ tó dúró sójú kan, kí páìpù ẹ̀ tín bí okùn bàtà, pressure ẹ̀ á bára mu láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ìgbà tó bá ń rìn lèèyàn máa mọ̀ pé ọ̀nà há. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti lọ ojúbọ lọ́jọ́ tí wọ́n ń kásẹ̀ ọdún Ọ̀ṣun nílẹ̀ lóṣù kẹjọ ẹ mọ ohun tí mò ń sọ, kò sóhun tó ṣe ẹnu ọ̀nà yẹn nígbà táyé jókòó, ó dìgbà tí gbogbo wọn bá gbé kẹ́ẹ̀gì omi sórí tí wọ́n fẹ́ jáde lẹ́ẹ̀kan náà.

Nígbà tí mo rí i pé ẹ ò padà wá mọ́, mo ní kí pọ̀lọ́ḿbà àdúgbò wa gé elbow kan fún mi, mo ti ra òmíràn tó máa fi rọ́pò ẹ̀. PPR 20mm, páìpù ike tí wọ́n ń fi iná yọ́ lẹ̀ mọ́ra, lẹ kọ sínú rìsíìtì. Mo fi rúlà wọn inú ẹ̀, 13mm péré! Ẹ̀yìn ìta ni 20 yẹn, ara páìpù ló jẹ èyí tó kù, àwa tá à ń ra afẹ́fẹ́ sì rèé, inú páìpù lafẹ́fẹ́ ń gbà kì í gba ẹ̀yìn ẹ̀. Ìyẹn nìkan kọ́ o. Ibi tí wọ́n ti fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lẹ̀ ẹ́, ike tó yọ́ ti wú sínú bí ètè ọmọ tó ń bínú, ó yí ẹnu páìpù ká, ọmọ ìka mi tó kéré jù ò wọbẹ̀. Elbow 11, ẹnu méjì méjì, ẹ bá mi ṣírò iye ètè tí afẹ́fẹ́ ń bá pàdé kó tó dé iwájú.

Mo fi fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó kọ́ iṣẹ́ ẹ́ńjínnì. Ó ní tí iye afẹ́fẹ́ tó ń kọjá ò bá yí padà, téèyàn bá sọ inú páìpù di ìlọ́po méjì, pressure tó ń ṣòfò lójú ọ̀nà á dín sí ìdá kan nínú 32. Mo ní ṣé kì í ṣe ìdá kan nínú méjì ni, ó ní rárá ìyá mi, ẹ kọ 2 sílẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún kẹ́ ẹ fi wọ́n sọ ara wọn di púpọ̀, 2 × 2 × 2 × 2 × 2. 40 psi tí mò ń pàdánù yìí á di 1 lé díẹ̀ nìyẹn. Ó ní àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí kì í jẹ́ kó ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ láti kọ̀mpúrẹ́sọ̀ dé ìdí irinṣẹ́. Nínú 120, 12 nìyẹn. Èmi ń pàdánù 40.

Ẹni tó gbé fóònù kẹ́yìn ní kí n kúkú gbé pressure táǹkì sókè dé 150, àbí kí n wá ra 10HP. Hà! Gbogbo 2 psi téèyàn bá fi kún un, ó ń fi bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún kún iná tí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ń jẹ, ẹ ṣírò 30 wò. Ẹni tí ọ̀nà ọ̀fun ẹ̀ há, ẹ ní kí wọ́n máa rọ́ àmàlà sí i lẹ́nu.

Ọ̀rọ̀ omi náà ń bẹ níbẹ̀. Abẹ́ páìpù ńlá lẹ ti yọ ẹ̀ka tó lọ sídìí gọ́ọ̀nù, ó wá jẹ́ pé gbogbo omi tó bá ti ara afẹ́fẹ́ sẹ̀ sínú páìpù, ibẹ̀ ló ń ṣàn gbà. Lóṣù tó kọjá, ọ̀dà Corolla kan yọ ojú ẹja, àwọn ihò kéékèèké roboto, lára bónẹ́ẹ̀tì, a họ ọ́ a tún un fín, ọ̀dà náà tèmi ni, ọjọ́ méjì tá a fi ṣe é náà tèmi ni.

Ohun tí mo fẹ́ rèé. ₦480,000 lẹ gbà fún iṣẹ́ páìpù nìkan. Ẹ wá tú u, kẹ́ ẹ fi páìpù irin ínṣì kan ṣe ojú ọ̀nà ńlá, tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ fi PPR ṣe é kó jẹ́ 40mm, ìyẹn ni inú ẹ̀ fẹ̀ tó ínṣì kan. Ẹ jẹ́ kó rọra dagẹ̀rẹ̀ sẹ́ntímítà kan fún mítà kan, kẹ́ ẹ fi táàpù tá a máa fi da omi nù síbi tó rẹlẹ̀ jù, kí gbogbo ẹ̀ka yọ láti òkè páìpù kó kọ́ bí orí ọ̀pá àgbàlagbà kó tó sọ̀kalẹ̀. Ẹ má sì gbé PVC tí wọ́n fi ń fa omi wá o, ìyẹn tó bá bẹ́ lábẹ́ afẹ́fẹ́, ṣe ló ń fọ́ sára èèyàn bí àwo, ọmọ ọlọ́mọ ló sì ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Tẹ́ ò bá ní ráyè ṣe é, ẹ dá owó páìpù padà, màá wá ẹni tó máa ṣe é.

Ẹni tẹ́ ẹ bá máa rán wá, ẹ ní kó wá ní aago mẹ́wàá àárọ̀ nígbà tí gọ́ọ̀nù àti impact bá wà lẹ́nu iṣẹ́, kó dúró níwájú géèjì fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Elbow tá a gé yẹn wà lórí tábìlì mi, màá fi hàn án.

Èmi ni,
Ìyá oníwọ́kíṣọ́ọ̀bù, ọ̀nà Gbọ̀ngán, Òṣogbo