Kí ẹ tó ní áísì ti jó, ẹ wo ẹsẹ̀ tiransísítọ̀

Sí Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa gbé ọ̀rọ̀ yìí jáde, nítorí ó ń dùn wá bí àwọn ọ̀dọ́ Abẹ́òkúta tí wọ́n nífẹ̀ẹ́ iṣẹ́ rédíò ṣe ń da ẹ̀rọ tó ṣì sàn nù. Ẹ̀rọ keyer là ń sọ, kíìtì kékeré téèyàn ń fi lẹ́ẹ̀dì jó pọ̀ fúnra rẹ̀, tí ń gé àmì Morse, ìró kúkúrú àti gígùn tí wọ́n fi ń sọ lẹ́tà lórí rédíò: béèyàn bá tẹ paddle, ọwọ́ títẹ̀ rẹ̀, lápá kan, á máa sọ dí, dí, dí, bó bá tẹ apá kejì, dàá, dàá, dàá. Bó bá ti kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, “áísì ti jó” ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń sọ. Áísì, ẹ̀yà dúdú kékeré tó jẹ́ ọpọlọ ẹ̀rọ náà, kì í déédéé jó. Ẹsẹ̀ nǹkan mìíràn ni wọ́n sábà ń ki bọ ihò tí kì í ṣe tirẹ̀, àwọn tó ń ta páàtì sì lọ́wọ́ nínú rẹ̀.

Tiransísítọ̀ ni ẹ̀yà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń ṣe bíi súìṣì láàárín keyer àti transmitter, ẹ̀rọ tí ń ránṣẹ́ rédíò. 2N3904 ni wọ́n ya pánẹ́ẹ̀lì ọ̀pọ̀ kíìtì fún. Béèyàn bá lọ ra òmíràn, BC547 ni wọ́n lè gbé fún un, wọ́n á ní ìkan náà ni. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe jọra lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wọn kò bára mu. Ẹ kọ ojú pẹlẹbẹ 2N3904 sí ara yín, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nísàlẹ̀: láti òsì sí ọ̀tún, emitter, base, collector. Ti BC547 jẹ́ collector, base, emitter. Ẹni tó bá fẹ́ fi BC547 rọ́pò gbọ́dọ̀ yí i, kí ojú pẹlẹbẹ rẹ̀ bọ́ sí ibi tí ẹ̀yìn ti èkíní ì bá wà. PN2222A àti P2N2222A tún léwu jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí 2 kan péré ni wọ́n fi yàtọ̀ lójú, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹsẹ̀ wọn lòdì síra.

Tiransísítọ̀ tó wà ní òdì kì í kú fin-ín-fin-ín, agbára rẹ̀ ló máa ń relẹ̀. Ohun tó ń tan àwọn ọmọ jẹ nìyẹn. Bọ́sà inú keyer á máa dún dáadáa, torí pé ẹsẹ̀ áísì mìíràn ló ń bá a sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n transmitter kò ní dáhùn, tàbí kó máa dáhùn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni 78L05, ẹ̀yà tí ń sọ fóòtì 9 bátìrì di 5. 7805 ńlá, bí ẹ bá kọjú àkọlé rẹ̀ sí ara yín, ibi tí iná ń gbà wọlé ni ẹsẹ̀ òsì. 78L05 kékeré, bí ẹ bá kọ ojú pẹlẹbẹ rẹ̀ sí ara yín, ibi tí iná ń gbà jáde ni ẹsẹ̀ òsì.

Nítorí náà, sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́sẹ̀ 8 ni kí ẹ jó mọ́ pánẹ́ẹ̀lì, kí ẹ má sì tíì ki áísì bọ̀ ọ́. Ẹ so bátìrì, kí ẹ fi mítà wọn ẹsẹ̀ 8 sí ẹsẹ̀ 4, bó bá jẹ́ áísì ATtiny85 ni kíìtì yín ń lò. Ó yẹ kó wà láàárín fóòtì 4.75 sí 5.25. Bó bá kéré, ẹ wọn bátìrì fúnra rẹ̀: 78L05 ń fẹ́ bíi fóòtì 7 kó tó lè mú 5 jáde. Ìgbà tí iná bá pé ni kí ẹ tó ki áísì bọlé, kí ẹsẹ̀ 1 wà lápá òsì ibi tí wọ́n gé lórí rẹ̀, bí ibi gígé náà bá kọjú sókè. Kapásítọ̀ (ẹ̀yà kékeré tí ń mú iná dúró déédéé) tí wọ́n kọ 104 sí lára gbọ́dọ̀ wà nítòsí ẹsẹ̀ 8 àti 4, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ áísì lè máa tún ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀.

Bó bá jẹ́ pé bí ẹ ṣe ki paddle bọ̀ ọ́ báyìí ló ń sọ dàá láìdákẹ́, ẹ wo ẹnu wáyà yín. Orí ṣóńṣó pọ́lọ́ọ̀gì ni dí sábà máa ń wà, òrùka àárín ni dàá, ìdí ni gíráǹdì. Pọ́lọ́ọ̀gì mono kò ní òrùka, ìdí rẹ̀ gígùn á kan ibi tí dàá wà, ẹ̀rọ á sì rò pé ẹnìkan ń tẹ̀ ẹ́. Stereo ni kí ẹ fi pààrọ̀ rẹ̀.

Bó bá jẹ́ dí ni kò dákẹ́, ẹ yọ paddle kúrò. Bó bá dákẹ́, paddle tàbí wáyà rẹ̀ ló ní àléébù. Bí kò bá dákẹ́, ẹ fi kámẹ́rà fóònù sún mọ́ ẹ̀yìn pánẹ́ẹ̀lì, ẹ ó rí okùn lẹ́ẹ̀dì tín-ín-rín tó so ẹsẹ̀ méjì pọ̀. Ojúkò lẹ́ẹ̀dì tó bá dà bíi kóro eérú, tí kò tàn, ẹ tún un yọ́. Flux (ohun tí ń jẹ́ kí lẹ́ẹ̀dì lẹ̀) ti àwọn tó ń jó rádíétọ̀ ọkọ̀ kò gbọdọ̀ kan pánẹ́ẹ̀lì rárá, ásíìdì inú rẹ̀ á máa jẹ kọ́pà lọ díẹ̀díẹ̀.

Àwọn kan ń kọ ètò sínú ATtiny85 tiwọn fúnra wọn, wọ́n á wá rí i pé gbogbo rẹ̀ falẹ̀, ohùn rẹ̀ sì kẹ̀. Láti ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti ń pín ìyára rẹ̀, 8 MHz, sí ọ̀nà 8, tó fi di 1 MHz. Fuse CKDIV8, ìtò kan nínú áísì náà, ni kí ẹ pa. Ẹ fi iye ọ̀rọ̀ ní ìṣẹ́jú kan pín 1200 láti mọ bí dí ṣe yẹ kó gùn tó: ní ọ̀rọ̀ 12, mílísẹ́kọ́ńdì 100 ni, dàá sì jẹ́ 300.

Èyí tó máa ń dáa lórí tábìlì ṣùgbọ́n tó ń ya wèrè nígbà tí transmitter bá ń ránṣẹ́, agbára eriali ló ń gba wáyà paddle padà wọlé. Ẹ so kapásítọ̀ 103 kan láti dí sí gíráǹdì, òmíràn láti dàá sí gíráǹdì, lẹ́nu jáàkì gan-an, kí ẹ sì gé wáyà náà kúrú. Àwọn tó ní transmitter àtijọ́ onífáàfù (èyí tó ń lo gílóòbù dípò tiransísítọ̀), ẹ má so tiransísítọ̀ yìí mọ́ ọn tààrà, iná rẹ̀ lè ga jù tàbí kó jẹ́ ti nẹ́gẹ́tíìfù. Relay, súìṣì tí iná ń ṣí, ni kí ẹ fi sáàárín.

Ẹ̀bẹ̀ wa sí àwọn tó ń ta páàtì, láti Lafẹ́nwá dé Pánṣẹ́kẹ́: bí ẹni tó wá ra 2N3904 kò bá rí i, tí ẹ fún un ní BC547, ẹ sọ fún un pé kó yí i kó tó jó o.

Àwa olùkọ́ iṣẹ́ rédíò,
Abẹ́òkúta, Ìpínlẹ̀ Ògùn.