Mélòó ni wọ́n fi ránṣẹ́?

Kọ́lá ọ̀rẹ́ mi,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, inú mi sì dùn pé ara yín le. Ó yẹ kí n ti fèsì láti oṣù tó kọjá, má bínú. Iṣẹ́ ló gba gbogbo àkókò mi, iṣẹ́ tí ìwọ fúnra rẹ ní kí n ṣàlàyé fún ọ: kí ló wà nínú library kékeré kan (àkójọ kóòdù tí àwọn mìíràn lè mú lò) tó fi ń gbà wá ní oṣù mẹ́jọ?

O béèrè pé tí èèyàn márùn-ún bá fẹ́ jọ ní kọ́kọ́rọ́ kan, ìyẹn nọ́ńbà àṣírí tí kọ̀ǹpútà fi ń buwọ́ lu nǹkan, tí mẹ́ta nínú wọn sì gbọ́dọ̀ pé kí wọ́n tó lè fi í buwọ́ lu nǹkan, kí ló dé tí ẹnì kan kò fi ní ṣẹ̀dá kọ́kọ́rọ́ náà kó sì pín in fún wọn. Ọ̀nà yẹn wà. Láti ọdún 1979 ni Adi Shamir ti fi hàn wá bí a ṣe ń pín àṣírí tí ẹni méjì kò fi ní rí nǹkan kan mú nínú rẹ̀, àmọ́ tí ẹni mẹ́ta bá kó ìpín wọn jọ, ó pé. Ṣùgbọ́n ẹni tó pín in ńkọ́? Òun ti rí i lódindi. Bó bá ní òun ti pa á rẹ́, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ nìkan la rí dì mú. Kọ́kọ́rọ́ tí ẹnikẹ́ni kò rí lódindi rí ni àwa ń wá.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Oníkálukú á mú polynomial oní-nọ́ńbà mẹ́ta wá, ìyẹn ìṣirò bíi p + qt + rt², tí p, q àti r jẹ́ nọ́ńbà náà; èyí àkọ́kọ́ nínú nọ́ńbà náà ni àṣírí tirẹ̀, iye wọn ló sì ń sọ iye ẹni tó gbọ́dọ̀ pé. Á ṣírò ìpín fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, á sì fi ránṣẹ́ sí i ní bòńkẹ́lẹ́. Ẹni tó gba ìpín márààrún, tiẹ̀ náà wà níbẹ̀, á rò wọ́n pọ̀. Àpapọ̀ yẹn ni ìpín rẹ̀ nínú kọ́kọ́rọ́ ńlá. Kọ́kọ́rọ́ ńlá fúnra rẹ̀ kò sí lórí kọ̀ǹpútà kankan láyé. Lọ́jọ́ tí èyí kọ́kọ́ yé mi, ńṣe ni mo dìde lórí àga. Torben Pedersen ló gbé e kalẹ̀ lọ́dún 1991, orí iṣẹ́ Paul Feldman ti ọdún 1987 ló sì kọ́ ọ lé: ẹni tó bá mú polynomial wá gbọ́dọ̀ kéde commitment kan (àmì tó dè é mọ́ nọ́ńbà náà láìsọ nọ́ńbà ọ̀hún síta) fún nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan inú rẹ̀, kí ẹni tó gba ìpín lè fi mọ̀ bóyá wọ́n purọ́ fún òun.

Ibi commitment yìí gan-an ni mo ti ṣubú. Kóòdù mi ń gba commitment wọlé, ó ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi wọ́n yẹ ìpín wò. Gbogbo test tí mo fi dán an wò ló yege, mo sì gbà pé iṣẹ́ ti parí. Ọ̀dọ́bìnrin tá a jọ ń yẹ kóòdù wò wá bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Ẹ̀gbọ́n, mélòó ni wọ́n fi ránṣẹ́?" N kò kà á. Ló bá kọ test tiẹ̀. Nínú rẹ̀, ẹnì kan mú polynomial oní-nọ́ńbà márùn-ún wá dípò mẹ́ta, ó sì kéde commitment márùn-ún. Ìpín rẹ̀ bá commitment rẹ̀ mu rẹ́gí, kóòdù mi gbà á, kọ́kọ́rọ́ jáde. Ẹni mẹ́ta kóra jọ láti buwọ́ lùwé, kò jẹ́. Ẹni mẹ́rin, kò jẹ́. Àfìgbà tí gbogbo wọn pé. Ká ní mẹ́fà ló mú wá ni, àwọn márààrún ì bá fi ìpín wọn ṣe é títí, kò ní ṣí, àfi bí ẹlẹ́tàn yẹn bá fẹ́ràn láti ṣàánú wọn. Kọ́lá, wò ó ná, ká ní owó àwọn èèyàn ló wà lẹ́yìn kọ́kọ́rọ́ yẹn! Ìlà kóòdù kan ṣoṣo ló tún un ṣe: bí iye commitment kò bá jẹ́ mẹ́ta, kọ̀ ọ́. Lọ́dún 2024, irú àléébù yìí kan náà jáde nínú library mélòó kan tí kì í ṣe tiwa. Ìyẹn kò tù mí nínú rárá.

O tún ní kí ló dé tí a kò kàn tẹ̀ lé ìlànà tó wà nílẹ̀. RFC 9591, ìwé ìlànà kan ti ọdún 2024, ṣàlàyé bí a ṣe ń fi FROST (ọ̀nà kan tí àwọn èèyàn fi ń jọ lo kọ́kọ́rọ́ kan) buwọ́ lùwé dáadáa, àmọ́ kò kọ ìlànà fún ṣíṣẹ̀dá kọ́kọ́rọ́ ní àjọṣe. Ọ̀nà ẹnì kan tó ń pín in ló wà nínú àfikún rẹ̀.

Ẹ̀rí ló kù, òun ni mo sì fẹ́ràn jù. Nígbà tí àwọn olóòótọ́ kò bá pọ̀ tó, ẹni tó bá sọ̀rọ̀ kẹ́yìn lè yọ kọ́kọ́rọ́ gbangba àwọn yòókù (èyí tí wọ́n ṣírò láti inú àṣírí wọn, tí gbogbo èèyàn lè rí) kúrò nínú tiẹ̀, kí gbogbo rẹ̀ wá di tirẹ̀ nìkan. Nítorí náà, kálukú gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn pé òun mọ àṣírí òun, láìsọ ọ́ síta. Mo mú nọ́ńbà k kan tí ẹnikẹ́ni kò lè méfò, mo ṣírò R láti inú rẹ̀: R = kG, G sì jẹ́ ojúàmì kan tí gbogbo wa jọ mọ̀. Àṣírí mi ni x, kọ́kọ́rọ́ gbangba mi sì ni X = xG. Mo da R àti X sínú hash (ìṣirò tó ń lọ ohunkóhun di nọ́ńbà kan tí kò ṣeé dá padà), c jáde, mo sì kéde z = k + c·x. Ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò á rí i pé zG àti R + cX dọ́gba, kò sì ní rí x. Ó mà dára o! Ṣùgbọ́n tí o bá gbàgbé láti da X sínú hash, ẹlẹ́tàn á mú R àti z tó wù ú, á wá padà ṣírò X tó bá wọn mu. Ẹ̀rí á yege fún kọ́kọ́rọ́ tí kò mọ̀dí rẹ̀. Tí o bá sì lo k kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ọmọ ilé ìwé á yọ z kan kúrò nínú èkejì, á fi ìyàtọ̀ c méjèèjì pín in, x ló máa jáde yẹn.

Ní báyìí, bí ẹni tó ń lo library wa kò bá tíì yẹ ìpín tó gbà wò, kóòdù rẹ̀ kò ní kọ́ńpáìlì rárá, ìyẹn ni pé kò ní di ohun tí kọ̀ǹpútà lè ṣiṣẹ́ lé lórí. Mi ò fẹ́ kó wà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láti rántí.

Mo fi ojú ìwé mẹ́rin kún lẹ́tà yìí. Ohun gbogbo tó ń wọ inú hash wa ló wà níbẹ̀: R, X, nọ́ńbà ẹni tó ń sọ̀rọ̀, àti àmì ìpàdé ọjọ́ náà, kí ẹnikẹ́ni má baà gbé ẹ̀rí àná wá lónìí. Ojú rẹ mú ju tèmi lọ nínú ìṣirò. Jọ̀wọ́, bá mi wò ó bóyá nǹkan kan ṣì kù, kí o sì kọ̀wé sí mi kí á tó gbé e jáde lóṣù tó ń bọ̀. Bá mi kí ìyàwó àti àwọn ọmọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Dàpọ̀